Kérésì Tí A Gbàdúrà Kí Ó Wọlé

Lọ́jọ́ Sátidé, òórùn sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló máa ń kún pálọ̀ Aunty mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Peckham nílùú ọba. Wọ́n á máa lọ sùtánà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, èmi á nà gbalaja sórí àga, a ó jọ máa wo bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí èmi àtìrẹ mọ̀ o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí Aunty mi bí ń gbá a fún yunifásítì kan lọ́hùn-ún. O mọ̀ mí, ohun tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí n sinmi. Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń gbé e mọ́ àyà sáré ni? Kí ló dé tí wọ́n ń dúró ní gbogbo ìgbà, bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀? Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ ọmọ wọn ni Aunty mi máa ń wá kiri ní tiwọn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Yunifásítì ọmọ náà, tó wà ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, fi ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwé tí wọ́n ti ń bá díje láti ayé bàbá ńlá wọn sílẹ̀, ó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn ará ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n á máa wọ̀ lọ bá aládùúgbò wọn tuntun gbá bọ́ọ̀lù! Mo bi ọmọ náà lórí fóònù pé kí ló fà á.

"TV money ni, cuz," ó ní. "Everybody ń kó lọ, innit."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á rú Aunty mi lójú, àṣé ó yé wọn jù mí lọ. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ṣebí bí parish tiwa náà ṣe kúrò lábẹ́ headquarters àkọ́kọ́ nìyẹn. Ta ló bá ta jà nínú wọn?"

Ìyẹn ò tíì ká Aunty mi lára. Èyí tó ká wọn lára ni ti ìdíje ìkẹyìn. Tẹ́lẹ̀, ilé ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n máa ń yàn láti du ife ẹ̀yẹ, nítorí náà kí Kérésì tó dé, ọmọ wa ti máa ń wà ní Peckham, tí á máa yọ ẹran nínú ìkòkò láìgbàṣẹ. Lọ́dún yẹn ni wọ́n sọ mẹ́rin di méjìlá. Eré àkọ́kọ́ wá bọ́ sí Sátidé tó ṣáájú Kérésì. Bí wọ́n bá yan ilé ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì borí, kò ní lè wálé. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún kan tí ìyá rẹ̀ ti fojú kàn án kẹ́yìn. Aunty mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Forest Hill, gbogbo iṣẹ́ òru tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń sá fún ni wọ́n ti gbà, kí wọ́n lè ráyè sinmi lọ́sẹ̀ Kérésì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde àwọn méjìlá náà, èmi nìkan ni mo wà nílé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Aunty mi ni, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò kí mi, wọ́n yọjú sí kíṣìnì, wọ́n yọjú sí yàrá, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

"Ó dà?"

"Ta ni, Aunty?"

"Ọmọ mi! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tó fi voice note ránṣẹ́ sí mi, ó ní àwọn ti wọlé. Ó jọ pé ó mú ọ̀rẹ́ kan dání."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ ni lóòótọ́, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bí òyìnbó: "Mummy, a ti wọlé! A ti wọlé, I swear down!" Ó ṣe mí bí ẹ̀rín, àánú ò jẹ́ kí n rín in. "Aunty, wọ́n yàn wọ́n ni. Wọlé ti ìbò ló ń sọ, kì í ṣe wọlé ti ilé." Wọ́n jókòó láìbọ́ kóòtù. Nínú pálọ̀ yẹn náà ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, níbi tí àwa àgbà ti ń jiyàn lórí ta ló wọlé, ta ni kò wọlé, nígbàkígbà tí wọ́n bá dìbò nílé.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n má purọ́, mo fẹ́ gbọ́ àdúrà tí wọ́n máa gbà ni. Ìyá wo ló máa bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun fìdí rẹmi? Ìyá wo ni kò sì ní fẹ́ kí ọmọ òun wálé? Nígbà tí Bàbá Wòlíì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, Aunty mi kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ Olúwa kí ọmọ mi wọlé."

"Á wọlé!" ni gbogbo ìjọ ké.

Bí a ṣe ń padà sílé, mi ò lè mú un mọ́ra. "Aunty, wọlé wo ni?"

Wọn ò tilẹ̀ wò mí. "Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá."

Sátidé dé, a jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Kí eré tó dé ìlàjì, omi ti pọ̀ ju ọkà lọ fún àwọn ọmọ ìwé wa. Ní ìgbà kan, wọ́n gbé ọmọ náà ṣánlẹ̀, Aunty mi ké "Jésù!", áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí eré parí, tí ilé ìwé ọmọ náà fìdí rẹmi, Aunty mi ní, "Ó mà ṣe o, ọmọ mi." Ó dùn wọ́n, mo rí i lójú wọn. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́díṣíìtì nínú yàrá ọmọ wọn.

Ọjọ́ tí Kérésì ku ọ̀la ló dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ó dorí kodò bí ọmọ kékeré.

"Mummy, a ò wọlé mọ́."

Aunty mi di apá rẹ̀ méjèèjì mú. "Ìwọ kọ́ lo dúró síbí yìí? Wọlé, jàre."

Mo ṣì ń tọpinpin bọ́ọ̀lù yẹn. Àwọn ilé ìwé ṣì ń kó láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, wọ́n sì tún ń jiyàn pé kí méjìlá tún lé sí i, n kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lónìí pé èèyàn òun wọlé, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà.