Ta Ló Ń Pa Kámẹ́rà Bàbá?

Ẹnjiníà ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń pè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé wọn ló tú rédíò kan tó ti yadi láti ọdún méje palẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó sì ti mú un sọ̀rọ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kíkọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí kámẹ́rà. Bí wọ́n bá bi í pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, á ní iṣẹ́ ẹni tí wọn kì í rántí àfi tí nǹkan bá bàjẹ́ ni.

Àtúnṣe aago ọwọ́ ni Bàbá ń kọ́ àwọn èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ló ní, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, inú aago kan kò sì tóbi tó ohun tí èèyàn méjìlá lè jọ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnjiníà bá so kámẹ́rà mọ́ òkè tábìlì Bàbá, ó kọjú rẹ̀ sí ọwọ́ bàbá náà, ó sì fúnra rẹ̀ kọ ètò tó ń darí rẹ̀. Ohunkóhun tí Bàbá bá fi ẹ̀mú mú, á hàn gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri. Odidi oṣù méjì ni Bàbá fi ń yangàn.

Ìgbà tó yá ni kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló sì máa ń yàn.

"Ẹnjiníà," ni Bàbá wí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fẹjọ́ ọmọ sun ìyá rẹ̀, "kámẹ́rà rẹ tún ti sùn. Mo mú sípíríǹgì dání, èèyàn méjìlá ń wo ògiri."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mò ń bọ̀."

Ó ti pààrọ̀ wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fẹ̀sùn kan iná, ó sì ti fura sí ìgbọ̀nwọ́ Bàbá pàápàá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí, kọ̀ǹpútà lórí itan, ó sì ní kí ètò náà máa kọ gbogbo ẹni tó bá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, kíláàsì ṣí i. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ẹlòmíì ṣí i láti ọ́fíìsì. Nígbà tó di mẹ́wàá ààbọ̀, ọ́fíìsì pa tiẹ̀ dé, ojú tẹlifíṣọ̀n sì dúdú kirikiri.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó sí ọ́fíìsì, Màmá, ìyàwó Bàbá, tó ń gba aago lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Ẹnjiníà rò pé òun ti mọ ìdí rẹ̀. Dókítà ti ní kí Bàbá jìnnà sí ṣúgà, bẹ́ẹ̀ agolo súìtì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tí Bàbá ti fún Ẹnjiníà náà jẹ nínú rẹ̀, kó má bàa sọ̀rọ̀. Màmá ti fura nìyẹn. Báwo wá ni ìyàwó ilé ṣe fẹ́ la ẹnu bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé, ṣé ẹ ń ṣọ́ ọkọ yín ni?

Ó kọ́kọ́ dojú kọ iṣẹ́ ná. Nígbà tó ka ohun tóun fúnra òun kọ, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan péré láyé ni yóò máa ṣí kámẹ́rà náà. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún gbogbo ayé, bí àwòrán yóò ṣe tóbi tó àti bí yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí ẹni kejì bá ṣí i, á kọ tiẹ̀ lé ti ẹni àkọ́kọ́ lórí. Bó bá sì pa á dé, ètò á ya àkọsílẹ̀ náà, á pa kámẹ́rà, kò ní bèèrè bóyá ó ku ẹnì kan níbẹ̀.

Ó tún un kọ. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí kámẹ́rà, àkọsílẹ̀ tuntun á wà fún ìyẹn nìkan, wọ́n á sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Tó bá pa tiẹ̀, tiẹ̀ nìkan ni wọ́n á ya. Ẹni tó bá kẹ́yìn ni kámẹ́rà á bá lọ. Àmọ́ nígbà àkọ́kọ́, ó ya àkọsílẹ̀ láìyọ ọ́ kúrò lára àwọn tó kù, ètò lọ wá ohun tí kò sí mọ́, odidi kọ̀ǹpútà sì dákú.

Bàbá wò ó lókè awò ojú rẹ̀. "Èyí ti kọjá oorun o."

Ó tún ibẹ̀ ṣe. Ó ṣí kámẹ́rà lọ́nà mẹ́fà, ó ń pa wọ́n dé bó ṣe wù ú, kíláàsì ò sì mọ̀. Ó wá po tíì, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì.

"Màmá, mo ti tún kámẹ́rà ṣe. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ pa tiyín, kò ní kan kíláàsì mọ́."

Bírò Màmá dúró. "Èmi ni mo ń pa á látọjọ́ yìí?"

"Ètò mi ló ń pa á, Màmá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ súìtì yẹn, tí ẹ bá kàn bá Bàbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, wọ́n á gbọ́."

"Súìtì wo?"

Ẹnjiníà mọ̀ pé òun ti sọ àsọjù. Màmá gbé bírò sílẹ̀.

"Ọwọ́ Bàbá ni mò ń wò," ni Màmá wí. "Dókítà ní kí n máa kíyè sí i bóyá ó ń gbọ̀n. Nílé, bí mo bá ti ń wò ó, wọ́n á tì í bọ àpò. Ìdí aago nìkan ni wọ́n ti ń gbàgbé mi."

"Ṣé ó ń gbọ̀n, Màmá?"

"Kò gbọ̀n rárá. Pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn yẹn." Ó fa àga kan síta. "Jókòó. Súìtì wo?"

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kíláàsì rí ọwọ́ obìnrin kan tó wọ inú àwòrán, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ọwọ́ Bàbá dúró díẹ̀, ó wálẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì, ó sì gbé agolo kan lé e. Ẹnjiníà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi pè é ní "Ìyáàfin".

Màmá fẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù, ohun tí dókítà wí nípa ọwọ́, fún Bàbá nílé. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ti ṣí kámẹ́rà, á kan ògiri lẹ́ẹ̀kan. Bàbá á fi ẹ̀mú sílẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú kámẹ́rà, á kà dé márùn-ún, á sì padà sídìí sípíríǹgì rẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ara iṣẹ́ ni. Ní báyìí, àwọn méjìlá náà máa ń tẹ́ ọwọ́ tiwọn kalẹ̀, wọ́n á kà á dé márùn-ún, kí wọ́n tó fọwọ́ kan aago.