Àdúrà Tí Àlàájà Gbà fún Ère

Òórùn káńfọ̀ àti ti kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó rí ohunkóhun. Nígbà yẹn, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí mi ò bá ti ní shift ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Joliet, ilé àwọn tó ti kú ni mo máa ń lọ. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò lọ ṣe nǹkan burúkú. Bí àgbàlagbà kan bá kú ní Chicago tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ ẹrù rẹ̀, wọn á pe àwọn tó ń báni ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn á ṣí ilẹ̀kùn ilé náà gbayawu, ẹni tó bá wù á wọlé, á máa rìn láti yàrá dé kíṣìnì, á sì ra ohun tójú rẹ̀ bá mú. Estate sale ni wọ́n ń pè é. Màmá aládùúgbò wa ní Chatham, àdúgbò tí à ń gbé ní Chicago, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Ó ní òun rí i pé mo máa ń dá jókòó sílé jù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni ife tánganran kan láti Jámánì. Òdòdó pupa yí i ká, wọ́n sì fi tánganran fẹ́ẹ́rẹ́ dí apá kan ẹnu rẹ̀, ó ku ihò kékeré kan níbẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì, èmi tí mo mọ gbogbo nǹkan, mo ní ife aláìsàn ni, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí omi má baà dà sí aláìsàn láyà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn dá ọkọ mi wólẹ̀, inú ife yẹn ni mo bu ògì gbígbóná sí fún un, mo sì ń ṣàlàyé bí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ṣe mọ ìtọ́jú aláìsàn tó. Ẹnu ẹ̀ ni màmá aládùúgbò bá wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ife onírunmú ni. Ọkùnrin tó bá dá irunmú ńlá sí ló máa ń fi mu tíì, kí irunmú rẹ̀ má baà rẹ. Ọkọ mi ò ní irunmú kankan, ó sì mu ògì rẹ̀ tán.

Bí mo ṣe kó sínú ẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tó ń dojú àwo dé nílé onílé, kó lè wo àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo kó kọ́ọ̀bù ọtí onídèérí jọ, èmi tí mi ò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Mo ra agogo kékeré láti ilẹ̀ Faransé, àpótí áṣáà tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí lára, táìlì aláwọ̀ aró láti Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n àwọn ère kéékèèké ló gbà mí lọ́kàn jù: ọmọbìnrin tó ń da àgùntàn, tó wọ irú gáùn tí ẹnikẹ́ni ò lè fi da àgùntàn, ọkùnrin tó ń fun fèrè, àwọn ọmọ ìhòòhò abìyẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún rọ̀bọ̀tọ̀. Ọkọ mi, tó ń wa tírélà kiri láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, á dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, á bá ojú tuntun ní pálọ̀, á kí gbogbo wọn kú ilé, á sì kọjá lọ wẹ̀.

Àsìkò yẹn ni oyún kejì dé, lẹ́yìn tí a ti wá a títí tó ti sú wa. Nígbà tí mo bí àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bá mi wẹ ọmọ. Fóònù ni mo gbé ti etí báfù, tí mo ń wo bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ nínú fídíò, ọmọ ń ké, èmi náà ń ké. Ìyá mi ti kú kí n tó bí i. Mo wá sọ fún ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ọkọ mi gbọ́dọ̀ wá. Àlàájà ni wọ́n, ní Ìwó, àwọn ni wọ́n ń darí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí wọn, kò sì sí ọmọ kan nínú ìdílé ọkọ mi tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n rí físà gbà, mo jó nínú kíṣìnì tòun ti ikùn.

Ọmọbìnrin mi ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday. Chicago ni a bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́, àfi pé ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò gòkè, kò sọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe figurine ní Yorùbá, mo ní ère ni. Ó gbé fóònù, ó ní, “Grandma, Mọ́mì ní ere plenty nílé o. Every week ló ń ní new one.” Mo gbọ́ ọ láti kíṣìnì, inú mi tilẹ̀ dùn pé ó ti rí ọ̀rọ̀ tuntun lò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí èmi àti Àlàájà bá sọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi parí rẹ̀ pé kí Ọlọ́run fi kún èrè mi. Èmi náà á ṣe àmín. Mo rò pé àdúrà tí àwọn ìyá máa ń gbà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, díẹ̀ ló kù kí ẹrù wọn má wọ ọkọ̀ wa tán. Wọ́n kó ọṣẹ dúdú wá, wọ́n kó àdìrẹ wá, wọ́n ní kí n fi kún ọjà mi. Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. Ọjà wo? A gbà pé ọkọ̀ òfuurufú ló kó àárẹ̀ bá wọn. A délé, mo kúnlẹ̀ níwọ̀n tí ikùn gbà mí láyè, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n ń ṣàdúrà. Ọmọbìnrin mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ó fà wọ́n lọ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó tan iná inú ẹ̀, ó ní, “Grandma, see the ere.”

Àlàájà wo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ ìhòòhò náà ń wo Àlàájà.

“Ṣé èrè náà nìyí?”

“Yes ma,” ni ọmọ mi dáhùn.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ mi, ó rántí ẹni tó wà níwájú ẹ̀, ó panu mọ́. Àlàájà rọra jókòó sí apá àga, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn, ṣé nǹkan tí àwọn kó gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù jọ lé lórí nìyí, tí àwọn ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ pé kó sọ ọ́ di púpọ̀? Wọ́n tilẹ̀ ti ṣe sàráà lé e lórí. Ká sòótọ́, àdúrà náà gbà. Láàárín ìgbà yẹn gan-an ni mo rí odindi páálí kan ní Joliet tó kún fún àwọn ọmọ abìyẹ́, tí ìkankan nínú wọn ò sán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Àlàájà ò pariwo. Wọ́n ní àwọn ò bá mi jà, ṣùgbọ́n àwọn ò lè kírun nínú ilé tí ère ti ń wo àwọn, màláíkà àánú kì í wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ mi pe ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn tó ń gbé ní Lansing, lẹ́yìn odi Chicago, kó wá mú àwọn lọ́jọ́ kejì, àwọn á máa wá wò wá láti ibẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ń ṣe iṣẹ́ méjì, ta ló fẹ́ máa gbé wọn wá láràárọ̀ wá wẹ ọmọ? Èmi náà tún ni èmi náà, èmi àti fóònù létí báfù. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kí ọ̀la tó ṣú, ère kankan ò ní sí ní pálọ̀ mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó sílẹ̀ láàárín páálí àti ìwé ìròyìn, mo ń dì wọ́n. Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ kó jáde: ère, ife, agogo, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé tánganran lásán ni. Ibi tí mo ti ń fi ìwé wé ife onírunmú yẹn ni ẹkún ti gbé mi, mi ò sì lè dá a dúró. Àlàájà gbọ́ ọ láti yàrá òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní, ìyàwó, ṣé nítorí nǹkan wọ̀nyí ni mo ṣe ń sunkún báyìí, kí ló wà nínú wọn? Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ mi pàápàá ò gbọ́ ọ, torí èmi fúnra mi ò mọ̀ títí ó fi jáde lẹ́nu mi.

“Mà, nígbà tí ìyá mi kú, mi ò ní ìwé ìgbélùú tí mo lè fi lọ sílé kí n sì padà wá síbí. Ìgbà tí mo fi máa rí i gbà, wọ́n ti pín ẹrù wọn tán. Mi ò rí ife kan mú.”

Mo sọ fún wọn pé gbogbo ilé tí mo ń wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ilé ìyá ẹnì kan ni. Ẹrù ìyá wà ńlẹ̀, àwọn ọmọ ò fẹ́ ẹ. Èmi tí mo fẹ́ ti ìyá tèmi, mi ò rí i. Ni mo bá ń kó ti ìyá ẹlòmíì.

Àlàájà di àga mú, wọ́n jókòó tì mí nílẹ̀. Wọ́n fa àdìrẹ tí wọ́n kó wá fún ọjà mi sọ́dọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé àwọn ère náà. Àwọn ọmọ ìhòòhò ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan ti wọṣọ fún wọn tipẹ́. Wọ́n wá dájọ́: “Kó àwọn tó lójú lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Ife ò lójú.”

Bí a ṣe yanjú ẹ̀ nìyẹn. Àwọn olójú wọ aṣọ lọ sí báásímẹ́ǹtì, àwọn aláìlójú padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Jọ́ọ̀gì kan wà tí wọ́n mọ bí orí ọkùnrin, a jiyàn lórí ẹ̀ títí. Mo ní jọ́ọ̀gì ni, wọ́n ní jọ́ọ̀gì tó ń wo àwọn, ó di ìsàlẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn dé láti Lansing nírọ̀lẹ́, wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n ní kó máa padà lọ.

Nígbà tí mo bímọ, wọ́n wẹ ọmọ náà fún mi. Wọ́n na apá, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an, ọmọbìnrin mi ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn aládùúgbò á pe ọlọ́pàá mú Grandma. Wọ́n fi omi gbígbóná tẹ ikùn èmi náà títí mo fi gbàgbé pé èmi ni nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ara mi sì le, wọ́n ní kí n mú àwọn dé ibi tí mo máa ń lọ. Èmi, àwọn àti màmá aládùúgbò la jọ lọ. Àlàájà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí ilé náà pé ẹ kú ilé o, wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tó ni ín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Màmá aládùúgbò bi mí pé ta ni wọ́n ń kí. Nígbà tí mo sọ fún un, òun náà kí ẹni náà kú àárọ̀ lédè tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sílé, a jọ ń di ẹrù wọn, wọ́n bá yọ kẹ́tù àlùwàlá wọn jáde nínú báàgì. Kẹ́tù oníke aláwọ̀ ewé ni, ibi ìdìmú rẹ̀ ti ń dán nítorí ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo ní, mà, ẹ máa nílò ẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

“Má dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa pín in. Èmi tí mo ni ín ni mo fún ọ, ojú mi ló ṣe.”

Àlàájà ṣì wà ní Ìwó, ara wọn le, wọ́n ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ tí wọ́n wẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé. Èmi náà kì í sáré kiri ilé onílé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tó rò pé àwo rírẹwà lásán ni òun ń wá. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin òyìnbó kan tó ń ra ohun àtijọ́ wá wo kọ́bọ́ọ̀dù mi, torí mo fẹ́ dín wọn kù. Ó yẹ gbogbo nǹkan wò fínnífínní, ó mọ ọjọ́ orí agogo, ó mọ ìlú tí kọ́ọ̀bù ti wá. Ó wá kan kẹ́tù aláwọ̀ ewé tó wà láàárín wọn, ó gbé e, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan kà. Ó bi mí pé ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ṣe é, ṣé mo máa tà á.

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní ti ìyá mi ni.