Fíríìsà Ìyá Onílé Wa Ló Wà Nínú Tiransifọ́mà Yẹn

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Bí mo bá kánjú, inú tó ń bí mi ni yóò máa bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté Àpápá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Warehouse Road ni ọ́fíìsì wa wà. Nínú gbogbo ẹrù tí ìwé rẹ̀ ti gba ọwọ́ mi kọjá, mi ò rò pé ohun kan wà tó pọ̀ tó jẹnẹrétọ̀. Èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé wà níbẹ̀, èyí tó tóbi tó yàrá náà wà níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń kó wọn wá, mo gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ kì í ní i nílé. Tí mo bá ti kọ̀wé tán, màá darí sílé ní Ajégúnlẹ̀, màá lọ jókòó sínú òkùnkùn.

Ọdún tí tiransifọ́mà àdúgbò wa jóná, a lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná títí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wọn fi dá wa mọ̀. Wọ́n ní kò sí. A kọ̀wé, a tún ìwé kọ. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní àdúgbò tó bá fẹ́ iná ló ń fi owó ara rẹ̀ ra tiransifọ́mà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá owó jọ láti ojúlé dé ojúlé. A ra tiransifọ́mà, a ra òpó, a ra wáyà, a tún fún àwọn tó wá gbé e dúró lóúnjẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá onílé wa. Opó ni. Omi tútù àti yìnyín ló ń tà fún àwọn awakọ̀ tírélà àti àwọn tó ń ja ẹrù ní èbúté. Fíríìsà méjì ló ní. Ó ta èyí tó tóbi, ó kó owó rẹ̀ wá pátá. Ó ní tí iná bá wà, fíríìsà kan á ṣiṣẹ́ méjì. Tí iná ò bá sí, fíríìsà méjì ò yàtọ̀ sí àpótí aṣọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé tiransifọ́mà náà dúró, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé àdúgbò ni mo gun àga, tí mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tó yí i ká pé: ARÁ ÀDÚGBÒ YÌÍ LÓ RÀ Á. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tí èèyàn bá ti gbé tiransifọ́mà dúró ló ti di ti ilé-iṣẹ́ náà, wọn ò sì ní fún un ní bébà kankan. Ọ̀dà yẹn nìkan ni rẹ́síìtì wa.

Lọ́dún tó kọjá, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan wá bá wa nípàdé. Ó ní àwọn olówó láti òkè òkun ń bọ̀ wá wo ibi tí wọ́n lè fi owó wọn sí nínú ọ̀rọ̀ iná orílẹ̀-èdè yìí, àdúgbò wa ni wọ́n sì máa rí. Kí á gbá ojú gọ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má tan jẹnẹrétọ̀. Tí iná bá dé, kí a má pariwo ayọ̀ bí a ti máa ń ṣe, kí àwọn àlejò má baà rò pé iná ṣọ̀wọ́n. Ó wá ní òun máa fi ọ̀dà funfun pa ohun tí a kọ sára ògiri rẹ́.

Ariwo sọ. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ gbọ́ mi yé. Tí wọ́n bá ka nǹkan tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ wa ò ní nǹkan kan. Ta ló máa kó owó fún ẹni tí ò ní nǹkan kan?”

Ó ṣèlérí mítà fún gbogbo ilé. Ó ní iná ò ní máa lọ mọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó gbà nawọ́. Mo nawọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò náà ń bọ̀, iná dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò sì sẹ́ni tó pariwo. A dákẹ́ bí ilé tí aláìsàn wà. Nígbà tí jíìpù mẹ́ta wọn fi dé, yìnyín ti dì gbagidi nínú fíríìsà ìyá.

Mẹ́rin ni àwọn àlejò náà. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Ó béèrè pé tí àwọn bá náwó síbí, ṣé àwọn èèyàn ibí á lè sanwó iná. Òṣìṣẹ́ yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní tálákà ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí a bá là wọ́n lọ́yẹ̀, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń sanwó.

Mo gbọ́ ọ. Iwájú ògiri tó ti fi ọ̀dà funfun kùn ló dúró sí tó fi ń sọ ọ́.

Ìyá onílé gbé omi tútù wá fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n mu. Ó fọwọ́ kan ògiri funfun náà. Kò gbọ́ èdè Òyìnbó, nítorí náà ó bá òṣìṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Bá mi sọ fún wọn pé fíríìsà mi ló wà nínú nǹkan yìí. Mo tà á ká tó rà á.”

Òṣìṣẹ́ náà yíjú sí wọn, ó ní ìyá ń dúpẹ́ pé fíríìsà òun ń ṣiṣẹ́ dáadáa látìgbà tí ilé-iṣẹ́ àwọn ti gbé tiransifọ́mà yìí fún àdúgbò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń yin òun ni. Obìnrin oníwèé wò mí, ó béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí mítà. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà Àpápá kún fún tírélà lọ́jọ́ náà. Mi ò rò pé àwọn àlejò náà tíì kọjá Ìjọra tí iná fi lọ. Ìyá jókòó ti fíríìsà rẹ̀, ó ní kí lọ́kùnrin yẹn sọ fún wọn gan-an tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ti ìdérí fíríìsà rẹ̀ pa.

“Ìwọ tó o gbọ́ èdè wọn ńkọ́? Kí lo sọ?”



Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni pé ìdáhùn ìbéèrè obìnrin yẹn wà lára ògiri tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a á sanwó. Àwa tí a ra tiransifọ́mà tí kì í ṣe tiwa, tí a ra òpó tí wọn ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn, ta ló tún ń sanwó iná jù wá lọ? Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè kọ ní ọ́fíìsì tó lè fa olówó wá bí ìlà pupa kan yẹn. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́, wọ́n ní kí owó wọlé, mo sì bá wọn nawọ́ sí i.

Nígbà tó di Sátidé, mo ra ọ̀dà pupa. Ìyá bá mi di àga mú. Mo kọ ọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, mo wá fi èdè Òyìnbó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún bá wa túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òṣìṣẹ́ yẹn pè mí pé tí n kò bá pa á rẹ́, àwọn máa yọ àdúgbò wa kúrò nínú àwọn tó máa gba mítà. Mo ní kó yọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì rí mítà.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ìyá kò jẹ́. Ó ní mi ò tíì kọ fíríìsà òun síbẹ̀.