Ìrúwé Àkọ́kọ́ Láìsí Bàbá Ọmọ Mi

Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń lọ lọ́dọ̀ yín?" Èmi náà á sì ròyìn. Màá ní òjò rọ̀ lánàá, oòrùn yọ lónìí, afẹ́fẹ́ pọ̀ létí adágún omi Southmere tó wà nítòsí wa, àwọn igi iwájú ilé wa ti ń yọ ewé. Màá ní mo lọ sí Leeds lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti dé, mo tún ń lọ ibòmíràn ní Ọjọ́bọ̀. Á ní, "Ẹ kú ìrìn àjò o." Màá ní, "O ṣé." Gbogbo ohun tí mo ń sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ni mo ṣe ń sọ ọ́, ìròyìn ìlú oníìlú.

Ọkọ mi kú nígbà òtútù, nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ó ń múra ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga láti wọ bàtà, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. A sin ín. Àwọn èèyàn wá, wọ́n sì lọ. Mo sunkún ní itẹ́ òkú nítorí pé ibẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti sunkún, gbogbo ojú sì ń wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo kàn dákẹ́ nínú mi. Kò dùn mí, kò sì sí nǹkan tó dùn mọ́ mi. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi ṣe rí, kò sì tilẹ̀ sí ìgúnni bí abẹ́rẹ́ tó máa ń sọ fúnni pé ẹsẹ̀ ti fẹ́ jí.

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn kẹ́rà tuntun, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Èmi fúnra mi ti ṣe kẹ́rà pẹ́ ní Woolwich àti Plumstead, kí ilé iṣẹ́ tó ní kí n wá máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láì ṣe é léṣe, láì sì ba ẹ̀yìn ara ẹni jẹ́. Ibi yòówù tí ilé arúgbó tuntun bá ti ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán mi lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tó láàánú, pè mí pé kí n jókòó sílé títí ojú ọjọ́ á fi gbóná. Mo ní rárá, kí ó máa rán mi lọ. Ilé gan-an ni mi ò fẹ́ wà.

Báyìí ni mo ṣe rìn jálẹ̀ ìgbà ìrúwé náà. Láti ilé wa ní Thamesmead, màá wọ bọ́ọ̀sì dé Abbey Wood. Àwọn awakọ̀ tó mọ ọkọ mi á gbé ọwọ́ sókè kí mi látẹ̀yìn gíláàsì wọn, èmi náà á gbé tèmi. Màá wọ reluwé dé àárín ìlú, màá bọ́ sílẹ̀, màá tún wọ èyí tó ń lọ sí àríwá. Òdòdó yẹ́lò kún ẹ̀bá ojú irin. Àwọn ọmọ àgùntàn ń ta pọ́ún pọ́ún nínú pápá. Oòrùn á ràn gba ojú fèrèsé wá sórí itan mi, kò sì ní gbóná. Ọkọ mi máa ń pè é ní oòrùn inú fíríìjì: téèyàn bá ṣílẹ̀kùn, iná á tàn, òtútù ló máa bá pàdé. Mo rántí ọ̀rọ̀ náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, mo sì yí ojú sí ibòmíràn.

Mo fẹ́ràn hòtẹ́ẹ̀lì nígbà náà, nítorí pé kò sí apá tí ẹnikẹ́ni máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ṣùgbọ́n oorun kò wá níbẹ̀ náà. Màá kàn dùbúlẹ̀, màá máa wo àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní ìlú kékeré kan tó kọjá Doncaster ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ náà, àfi obìnrin kan, ọmọ Àkúrẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Àwọn yòókù wò ó, wọ́n wò mí.

Họ́ìsì ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde fúnra rẹ̀. A máa ń yí ẹni náà lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó tẹ́ aṣọ líle kan sábẹ́ rẹ̀, a ó fi okùn aṣọ náà kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì gbé e sókè. Mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wọnú aṣọ náà fúnra rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe arúgbó. Lọ́jọ́ yìí, ẹni tí ó kàn ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní kò burú, èmi á wọ̀ ọ́. Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀, mo rán wọn létí pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ sọ fún un, kí wọ́n má sì ṣe fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lókè.

Obìnrin Àkúrẹ́ ló mú rìmóòtù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó fi bá mi sọ̀rọ̀, kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jáde. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ gbé yín sókè báyìí o. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ fi ara yín sílẹ̀."

Mo fi ara mi sílẹ̀. Aṣọ náà gbá mi mọ́ra láti èjìká dé itan. Ẹ̀yìn mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi ń fì. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, kò sí ẹni tó bá mi gbé ìwúwo ara mi. Ohun tí mo rò kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo la ojú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ẹnìkan ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí dé èjìká. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì. Gbogbo kíláàsì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n rọra ń mu tíì.

Mo ní, "Ṣé mo sùn ni?"

Obìnrin Àkúrẹ́ ní, "Ẹ sùn, Mọ́mì. Ẹ tilẹ̀ ń hanrun díẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ẹ sọ pé ká má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lókè. A bá sọ̀ yín kalẹ̀. Ẹ ò jí. A wo bí ẹ ṣe ń mí, ó ń lọ déédéé. A tú okùn, a yí yín sọ́tùn-ún, a yí yín sósì, a yọ aṣọ náà. Ẹ ò jí síbẹ̀."

Mo mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, n kò sì tíì rí ẹni tí wọ́n fara balẹ̀ gbé báyẹn rí. Mo sọ fún wọn pé gbogbo wọn ti yege, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí ojú tì mí. Ó yẹ kí omi bọ́ lójú mi. Mo wá a nínú ara mi, n kò rí i. Ebi nìkan ni mo rí.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ mu sìgá, obìnrin yìí ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Iṣu àti ẹyin díndín ni. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Ọkọ mi ló kú."

Kò ní kí Ọlọ́run tù mí nínú. Kò ní ó ti sinmi. Ó gé iṣu rẹ̀ sí méjì, ó sún èyí tó tóbi sọ́dọ̀ mi, àwa méjèèjì sì jẹun.

Mo sọ bí mo ṣe sùn lọ nínú họ́ìsì fún ọmọ mi lórí fóònù, bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ àpárá. Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo ni. Woolwich, létí odò, ló ń gbé, ibẹ̀ la sì bí i sí. Tó bá ń sọ Yorùbá, kò mọ "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà yàtọ̀ sí "o". Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, múra sílẹ̀ ní Sátidé. Mo ń gbé ẹ lọ sí etí òkun Margate."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. A kàn fẹ́ lọ."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́ sí i. Àdúgbò Connaught ni obìnrin yìí ń gbé, Àǹtí ni mò ń pè é, Bíìgì Mọ́mì ni ọmọ mi ń pè é. Aládùúrà ni, tọkàntọkàn. Láti ìgbà ìsìnkú kò fi bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi mọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé òkun ni a ń lọ, ó ní òun náà ń bọ̀. Ó dúró dè wá lẹ́bàá ọ̀nà nínú sùtánà funfun, ó wọ kóòtù òtútù lé e lórí.

Ojú ọjọ́ ọjọ́ náà kò mọ ohun tó fẹ́. Oòrùn ni ní Abbey Wood. Nígbà tí a dé orí afárá odò Medway, yìnyín ń lu òrùlé mọ́tò pàpàpà. Ní Margate, oòrùn tún ti yọ, atẹ́gùn tútù sì ń gbé iyanrìn. Àǹtí bọ́ bàtà àti kóòtù, ó rìn tààrà lọ sí etí omi, ó mú agogo kékeré jáde nínú báàgì, ó lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà pẹ̀lú ohùn tí wọ́n lè gbọ́ ní France. Ajá òyìnbó kan dúró, ó ń wò ó. Ẹni tó ni ajá náà dúró.

Ọmọ mi ní, "Bíìgì Mọ́mì, gbogbo èèyàn ń wò wá o."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Ojú ni Ọlọ́run fún wọn."

Ó tún kígbe Jèhófà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dákẹ́ lójijì. Ó kàn dúró síbẹ̀. Omi wá, ó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó padà. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ inú omi tọ̀ ọ́ lọ.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?"

Kò wò mí. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹnu mi lásán ló ń gbàdúrà. Èmi ni mo pọn ọmọkùnrin yẹn dàgbà. Nígbà tí wọ́n pè mí pé ó ti lọ, mo dúró kí ó dùn mí. Mo ṣì dúró di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mo nígbàgbọ́, wọ́n ní mo mọ́kàn le. Kì í ṣe ìgbàgbọ́. Mi ò kàn gbọ́ nǹkan kan nínú mi ni."

Mo ní, "Èmi náà, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Ojú rẹ ni mo ti rí i lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìdí tí mi ò fi ń wá nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí á lọ jókòó síwájú ara wa bí ère méjì."

Ọmọ mi ti wà lẹ́yìn wa, ó kó bàtà gbogbo wa dání. Ó ní, "Ṣé gbogbo wa nìyẹn ni? Mo rò pé èmi nìkan ni. Mo tilẹ̀ wá a lórí fóònù, bóyá àìsàn ni."

Àǹtí yíjú sí i. "Kí ni fóònù wí?"

"Ó ní kí n máa jáde síta, kí n máa mu omi dáadáa."

Àǹtí wo òkun láti ọ̀tún dé òsì. Ó ní, "Ó dáa. Omi rèé."

A padà sínú mọ́tò, ẹsẹ̀ wa sì ti dì. A ra ẹja àti ànàmọ́ díndín, Àǹtí sì yọ ata gbígbóná tó dì sínú ìgò kékeré láti ilé. A jẹ ẹ́ títí èémí wa fi bo gíláàsì.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni Àǹtí ń sùn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Apá bẹ́ẹ̀dì tí àbúrò rẹ̀ máa ń sùn sí ló ń dùbúlẹ̀ sí. Kò béèrè. Mo ń rí oorun díẹ̀ sùn. Mo ṣì ń lọ sí àríwá, mo ṣì ń kọ́ wọn. N kò lè sọ pé nǹkan náà ti kúrò lára mi, nítorí kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n n kì í dá nìkan jókòó tì í mọ́.

A tún lọ sí etí òkun Whitstable, afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀. A lọ sí Hastings, òjò ni láti àárọ̀. Ọmọ mi páàkì mọ́tò sí iwájú òkun, a ò sì rí òkun kankan. Àǹtí ti sùn lọ lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ mi ní, "Ṣé ká máa lọ sílé?"

Mo ní, "Jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Ó pa wáípà tó ń nu gíláàsì. Òjò bo gíláàsì, a sì jókòó.