Ooru Tí Wọ́n Ń Dà Nù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Agnes, fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ẹ̀rọ tó ń bá adìẹ sàba, àwọn tó ń sin adìẹ sì ń kó ẹyin wá bá a. Tíṣà Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un lọ.

Nígbà tí àwọn alákọ̀wé kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ńlá sí ẹ̀yìn àdúgbò wa, òun ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Wọ́n ní iná kò ní lọ mọ́. Òun náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, ló kọ lẹ́tà pé a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká rọra.” Ó ní ojo ni mí.

Lóòótọ́, iná kò lọ mọ́, lọ́dọ̀ tiwọn. Kọ̀ǹpútà inú ilé yẹn kì í sùn, kò sì gbọdọ̀ gbóná. Bí iná tó wọ ìlú kò bá ti tó, tiwa ni wọ́n ń pa. Àlejò ti gba yàrá mọ́ onílé lọ́wọ́.

Lásìkò ọyẹ́, lọ́dún tí bẹntiróòlù di ohun tí à ń wá bí ẹni ń wá góòlù, Precious gbé ogójì ẹyin wá láti Bọ́lọ́rundúró. Àrùn ti pa adìẹ rẹ̀ tán, ó ku mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀. “Tíṣà, èyí ló kù fún mi o.”

“Ọmọ mi, lọ́jọ́ kọkànlélógún, wá kó wọn.”

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì, bẹntiróòlù tán, ó kú. Lọ́jọ́ ogún, bí a bá gbé ẹyin sétí, à ń gbọ́ ọmọ tó ń ké nínú èèpo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi kó ẹyin náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ òtútù bò wọ́n. “Ẹ̀yìn ilé kọ̀ǹpútà yẹn ń tú ooru jáde tọ̀sán-tòru,” ló wí. “Èyí tí wọ́n ń dà nù ni mo fẹ́ tọrọ.”

Stephen ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ ní A, B, D. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sáré wọlé lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, kò lè wo ojú wa.

“Mà, wọ́n ní kò sáyè. Ẹ má bínú.”

“Stephen, ẹ̀yìn ògiri lásán ni mo tọrọ.”

“Mà, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.”

A jókòó sẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi yí ilé náà ká. Ooru náà ń fẹ́ kọjá lórí wa, ọyẹ́ sì ń gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ẹyin sétí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣépè fún ilé yẹn, mo ṣépè fún àwọn tó wá láti Alágbàká, ó sì kù díẹ̀ kí n kan ẹni tó kọ lẹ́tà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ẹyin kankan sétí mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Precious dé pẹ̀lú páálí. Ó ti fi ìṣó lu ihò sí i lára yíká, kí àwọn òròmọdìẹ lè rí atẹ́gùn mí. Ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ṣé wọ́n ti jáde?”

Ẹ̀gbọ́n mi gba páálí náà, ó jókòó, ó sì ń ti ìka bọ àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.