Ọ̀dà Funfun fún Yàrá Ọ̀gà

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin yìí, Bàbá Ọ̀gà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ a rò pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń wí, a sì múra láti kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, títí yóò fi rí ẹran tín-ńtín tó ń gun èjìká rẹ̀ lọ, tó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Àwọn ẹran afàyàfà ló ń sìn nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀: aláàmù, ọmọ-onílé ńlá kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, àti òjòlá kan tí kò ní oró, tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká. Ṣùgbọ́n ọ̀gà, ìyẹn agẹmọ, ni àkọ́bí wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló rí i lára ọgbà nígbà tí kò tíì gùn tó ìka ọwọ́, tó fi ìbòrí gbé e wálé. Ọdún yẹn náà ni obìnrin náà kú. Láti ìgbà náà, ọ̀gà yìí ni ọkùnrin náà ń kí láàárọ̀ kó tó kí èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Àgbà, ló ń gbé apá kejì ilé náà. Àgbàlá tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí alùpùpù gbá Bàbá Ọ̀gà, tó dá a lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù, Àǹtí Àgbà ló fi àwọn ẹran náà lé lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fún wọn lómi, ẹ fún wọn ní tata," ó bẹ̀ ẹ́. "Kí ooru má pa wọ́n."

"Èmi tí mo tọ́ ìwọ alára dàgbà? Fọkàn balẹ̀, jàre."

Ó fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ Àǹtí Àgbà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wọn. Àǹtí Àgbà wo yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó rí ògiri tó ń ṣí bí ara ẹni tí oòrùn bó, ojú tì í. Ó pe akunlé, ó ní kó fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, kó lè máa dán. Ó da aṣọ bo àgò àwọn ẹran. Ó sì ti fèrèsé pa, kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù.

Òórùn ọ̀dà náà ló kọ́kọ́ pàdé Bàbá Ọ̀gà nígbà tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé láti ọsibítù. Ó ká aṣọ kúrò. Ọ̀gà wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, ó dúdú bí èédú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di igi mú. Ó ti kú gan-an, síbẹ̀ kò fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fà á. Ọmọ-onílé náà ti kú, ikùn sókè. Àwọn yòókù ń mí díẹ̀díẹ̀.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ pa á."

Àǹtí Àgbà ń nu tábìlì tí àlejò yóò lò. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kí ni mo pa? Alángbá ni, kì í ṣe èèyàn. Lọ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ ò tíì san."

Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ti Bàbá Ọ̀gà mọ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá jà níjọ́ yẹn, òun lòun máa ṣubú. Ó sin ọ̀gà ìyàwó rẹ̀ sídìí ọgbà, ó panu mọ́. Àǹtí Àgbà rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tí ẹsẹ̀ san, ó kó àwọn ẹran náà kúrò lẹ́yìnkùlé, ó kó wọn wá sínú pálọ̀ tirẹ̀, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kojú fèrèsé pálọ̀ Àǹtí Àgbà gan-an. Ó ní kí káfíńtà yọ pákó fèrèsé náà, kó fi gíláàsì gbàǹgbà kan rọ́pò rẹ̀. Oníbàárà kan tó mọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún un ní ọ̀gà mìíràn. Ó wá ku ọ̀dà.

"Irú yàrá wo lẹ fẹ́ kùn, bàbá?" obìnrin tó ń ta ọ̀dà béèrè.

"Yàrá ejò."

Obìnrin náà rọra gbé agolo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ní kí ni?"

"Ejò, ọ̀gà, aláàmù. Olómi ni kẹ́ ẹ fún mi, èyí tí kì í rùn. Mi ò fẹ́ fojú kan olóròóró."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀ ewé, èyí tó dúdú díẹ̀ yìí, kí ara lè tù wọ́n."

Òótọ́ ló sọ. Bàbá Ọ̀gà fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé ohun tó ń gbé inú ewé, ewé ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ejò bá sùn síwájú ògiri dúdú, ta ni yóò rí i?

"Funfun ni mo fẹ́," ó ní. "Funfun báláú. Mo fẹ́ kí ẹni tó jókòó sí òdìkejì àgbàlá lè máa ka ìpẹ́ ara ejò náà."

"Ta ló jókòó sí òdìkejì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà ti agolo àwọ̀ ewé sẹ́yìn. "Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn," ó ní, ó sì gbé funfun fún un.

Fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Bó ṣe ń na búrọ́ọ̀ṣì sókè ló ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Alángbá ni, kì í ṣe èèyàn," bó ṣe ń fà á wálẹ̀ ló ń tún un sọ. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó ṣí àgò òjòlá sílẹ̀, ó sì gbé gílóòbù ńlá kọ́ sókè. Yàrá náà mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀sán.

Nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àǹtí Àgbà wá ṣèpàdé ní pálọ̀ rẹ̀, alága wọn gbàdúrà tó gùn. Òjòlá náà kò mọ̀ pé àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Ó na ara gbọọrọ sórí gíláàsì, ikùn rẹ̀ sí wọn. Bí alága ṣe ní "Àmín" tó lajú, ejò ló kọ́kọ́ rí. Obìnrin kan tó ti ń ròyìn orúnkún tó ń dùn ún láti àárọ̀ ló ṣáájú gbogbo wọn dé títì.

Bàbá Ọ̀gà wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé. Bó ṣe rí wọn tí wọ́n ń sá, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìgẹrun kúrò lórí oníbàárà. "Dúró ná, kí n má gé ọ létí." Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn dé egungun.

Àǹtí Àgbà dé, ọwọ́ lórí. "Àbúrò mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ejò ni, Àǹtí, kì í ṣe èèyàn. Ẹ lọ jókòó."

Àǹtí Àgbà rántí pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun nìyẹn. Ó ti yé e. Ó lọ fi kọ́tìnì tó nípọn dí fèrèsé rẹ̀, ó ń jókòó sínú òkùnkùn àti ooru. Ẹgbẹ́ gbé ìpàdé lọ sílé ẹlòmíì. Láràárọ̀ ni Bàbá Ọ̀gà máa ń dúró wo kọ́tìnì náà, inú rẹ̀ a sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Ṣùgbọ́n ọ̀gà tuntun kò jẹun. Tata ń rìn kọjá níwájú ẹnu rẹ̀, kò na ahọ́n. Lọ́sàn-án gangan ló ń dijú, ara rẹ̀ ń dúdú sí i. Bàbá Ọ̀gà gbé ewé sí i, ó pa gílóòbù, kò yí padà. Funfun ló yí i ká, kò síbi tó lè sá sí. Dúdú yẹn kò ṣàjèjì sí ọkùnrin náà. Ó ti rí i lábẹ́ aṣọ rí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé: Àǹtí pa ọ̀gà kan nítorí àlejò. Èmi náà ń pa èkejì nítorí Àǹtí. Inú tún wá bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé obìnrin yìí ló tún sọ òun di irú ara rẹ̀.

Ó kó àwọn ẹran náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà rí òjòlá lórí àga, wọ́n ní irun àwọn ò tíì kún. Ó lọ ra àwọ̀ ewé. Obìnrin ọlọ́dà wúkọ́, ó gbé e fún un.

Ó ń kun ògiri lọ́wọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, nígbà tí Àǹtí Àgbà yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ti dárí jì mí ni?"

"Rárá o. Tìtorí tiwọn ni mo ṣe ń kùn ún."

Àǹtí Àgbà wọlé díẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọ̀gà ìyàwó rẹ ni mo pa. Mo ti mọ̀ níjọ́ tó o ká aṣọ yẹn. Ojú ló tì mí, ni mo ṣe sọ̀sọkúsọ. Má bínú."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ tó ti ń fi ọ̀pá rìn nìyí. Ó rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, àyà òun yóò fúyẹ́. Àyà rẹ̀ kò fúyẹ́.

"Mo ti gbọ́, Àǹtí," ó ní, kò sì dáwọ́ ọ̀dà dúró.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ tí òórùn lọ, ó dá àwọn ẹran padà. Ọ̀gà lo ìgbà díẹ̀ lórí ẹ̀ka, ojú rẹ̀ ń yí káàkiri, ara rẹ̀ wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bá ògiri mu. Lójijì ló na ahọ́n, ó gbé tata mì. Bàbá Ọ̀gà pariwo bí ọmọdé.

Àǹtí Àgbà gbọ́ ariwo náà. Ó ká kọ́tìnì, ó rí i, ó sì juwọ́ sí àbúrò rẹ̀ láti òdìkejì. Ọkùnrin náà rí ọwọ́ náà dáadáa. Ó yíjú sí ọ̀gà rẹ̀, ó mú tata mìíràn.