Ìyá Yàrá Kan àti Ọmọ Tí Kò Lè Dá Sùn

Báwo la ṣe ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń dá sùn? Mo ti bi Ọlọ́run lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bi àwọn àgbà ìjọ, mo sì ti bi ara mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì rí ẹni dá mi lóhùn.

Obìnrin tó gbé ìbéèrè náà kọ́ mi lọ́rùn ni àwọn ọmọ ń pè ní Ìyá Yàrá Kan. Alágbàfọ̀ ni, nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò ní òbí, níbi tí èmi náà ti máa ń lọ kọ́ wọn ní Bíbélì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le, ọṣẹ ti bó o ní àtẹ́lẹwọ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Inú ọgbà náà ló ń gbé, lẹ́yìn ilé ìdáná.

Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún yóò lọ, kò sì gbọdọ̀ padà wá gbébẹ̀ mọ́, torí ọmọ mìíràn ti ń dúró de bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Màmá wá rí i pé àwọn tó ń lọ kò mọ nǹkan kan. Wọn ò ra ọṣẹ rí. Wọn ò di kọ́kọ́rọ́ mú rí, nítorí kò sí ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ nílé náà. Ọ̀kan nínú wọn kó dé ilé tuntun, ó lọ yá ìkòkò ńlá, ó se oúnjẹ tó lè bọ́ gbogbo àdúgbò. Kò rí i rí kí wọ́n se oúnjẹ ẹnì kan.

Màmá lọ bá ọ̀gá àgbà, ó tọrọ yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ń kó garawa tó ti fọ́ sí. Ó kùn ún fúnra rẹ̀. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì kan sí i, ìkòkò kan, abọ́ kan, ṣíbí kan, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn. Ọmọ tí àkókò rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ yóò lọ dá gbé níbẹ̀, Màmá yóò sì máa wá kanlẹ̀kùn bí àlejò.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi onílé ni. Ṣílẹ̀kùn!"

Tí ọmọ bá ṣí i, ó di wàhálà. "O ò yọjú lójú fèrèsé, o ò béèrè ohun tí mo wá ṣe, o kàn ṣílẹ̀kùn gbayawu! Olè ni mí o! Mo ti kó ọ lẹ́rù lọ tán!" Àwọn tó ń wòran á bú sẹ́rìn-ín.

Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé àìsàn fún dókítà, àti bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀gá tó ń jágbe lóhùn láìsunkún. Á wá yọjú wo orí iná. "Ta lo fẹ́ fún ní gbogbo èyí? Ṣé àwọn ṣójà ń bọ̀ ni?"

Mo máa ń dúpẹ́ nítorí yàrá yẹn. Mo gbà pé àdúrà wa ló di ilé.

Nígbà tó yá, ó kan ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́ńgẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé e wá. Inú gbọ̀ngàn tí bẹ́ẹ̀dì tò lọ bẹẹrẹ ló ti ń sùn láti ìgbà náà; èémí àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé e sùn. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ ọwọ́. Tó bá lọ aṣọ, eṣinṣin ò lè bà lé e kó má yọ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ yàrá kékeré náà àyàfi ẹyọ kan. Tílẹ̀ bá mọ́, Màmá á bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ọmọ á sì wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn, láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Màmá gbé rédíò sí i níyàrá. Ó bínú. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí ló wà nínú yàrá yẹn tó ń lé ọ? Ṣebí ìwọ nìkan náà ni!"

"Màmá, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Lẹ́yìn náà, Màmá sọ fún ọ̀gá àgbà pé ọmọ ti yege. Wọ́n bá a wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan nígboro, wọ́n bá a gba yàrá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, èmi ni mo gbàdúrà fún un. Mo ní Ọlọ́run ò ní fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, bí mo ṣe ń dé, mo bá a lẹ́nu géètì. Ó ti rù sí i. Ó jókòó lé báàgì rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà."

"Pẹ̀lẹ́ńgẹ́! Ṣé kò sí wàhálà?"

"Wọ́n ní kí n kó jáde."

Ó ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ròyìn ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Oorun ò kùn ún ní yàrá náà. Ó kọ́kọ́ ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kó lè máa gbóhùn àwọn ará ilé. Nígbà tí ìyẹn ò tó, ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ìdílé tó kọjú sí i. Ìyàwó ilé ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Kí lò ń wá lẹ́nu ọ̀nà ọkọ mi?" Ó sọ òtítọ́ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún ṣe é, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Níbi iṣẹ́, oorun gbé e lọ lórí áyọ́ọ̀nù, aṣọ oníbàárà jóná, wọ́n lé e. Onílé náà ní kó máa lọ.

"Màmá wà nínú ilé, àbí? Ẹ bá mi pè wọ́n. Àwọn ló máa yé."

Mo bá Màmá nílé ìfọṣọ, ó ń fún aṣọ ibùsùn. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ náà wà lẹ́nu géètì. Ọ̀gá àgbà sì ti sọ tirẹ̀: bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà ti ní ẹni tó ń sùn sí i, yàrá kékeré náà ní ẹni tó wà níbẹ̀, tí òun bá gba ẹnì kan padà, ta ni òun fẹ́ lé? N kò lè pè é ní ìkà, torí kò parọ́. Ó ní kí Màmá lọ dá ọmọ náà padà, nítorí Màmá ló kọ́ ọ.

"Màmá, ṣé kò lè wá sọ́dọ̀ yín ni?"

"Ọ̀dọ̀ mi wo? Ṣé inú ọgbà yìí kọ́ ni mò ń sùn? Tí wọ́n bá bá a lórí ẹní mi, àwa méjèèjì la máa jọ jókòó lé báàgì."

Mo ronú yàrá kan tí èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ há ara wa mọ́, mo sì di etí aṣọ kejì mú, mo bá a fún un.

"Kò yege, Tíṣà."

"Kí lẹ wí?"

"Kò dá sùn níbẹ̀ rí. Nígbà tí rédíò ò ràn án, èmi ni mo wá ń tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́wọ́ lé etí bẹ́ẹ̀dì báyìí, oorun ti gbé e lọ nìyẹn. Mo ní ọ̀la ni mo máa jáwọ́. Ọ̀la, ọ̀la, títí àkókò rẹ̀ fi pé. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Ṣé àánú wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mo wá ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ kan tí mo lè dì mú. Gbogbo wọn ló wá sí mi lọ́kàn, kò sí èyí tó dúró. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run wà. Ohun tí n kò mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ibi tó wà, láàárín géètì àti ilé ìfọṣọ.

Màmá ju aṣọ sínú ọpọ́n. Ó nu ọwọ́ mọ́ ara rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Tíṣà, ṣe mí lóore kan. Ìwọ ni kí o bá mi lọ bá a. Sọ fún un pé kò sáyè. Ènìyàn Ọlọ́run ni ọ́, ohun tó bá tẹnu rẹ jáde, á gbà á gbọ́. Tó bá wá béèrè mi, jọ̀ọ́, sọ fún un pé mi ò sí nílé."